Alùpùpù Tó Ń Jò àti Aṣọ Funfun Ìyá Rẹ

Akofodjoulè,
ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọdún 1963

Sí Blandine, ọmọ mi tó wà ní Kútọnu,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Àwọn òkè náà kí ọ, wọ́n ṣì wà níbi tí o fi wọ́n sí. Mo kí ọ kú iṣẹ́ buró, mo kí ọ kú ooru etí òkun, mo kí ọ kú àìrí wa, nítorí láti ìgbà tí o ti dìde lórí àìsàn lọ́dún tó kọjá ni a kò tíì fojú kàn ọ́. Ṣé ara le? Ṣé ibà náà kò padà wá? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó mọ ọ̀nà ilé rẹ mọ́. Bí o bá jí láàárọ̀, kí ire jí pẹ̀lú rẹ. Bí o bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ, kí ìka rẹ má ṣìnà. Kí ọ̀gá rẹ máa rí ọ bí ẹni rí omi tútù nínú oòrùn. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní àmín tèmi kò dún tó. Àmín.

Bí o bá béèrè wa, àlàáfíà la wà, àyàfi orúnkún ìyá rẹ, àyàfi àgbàdo oko odò tí ọ̀bọ jẹ, àti àyàfi alùpùpù. Orúnkún ti di bárakú, ọ̀bọ náà sì ti di ará ilé, a ti ń kí ara wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo torí ẹ̀ jókòó láti kọ ìwé yìí. Fi ara balẹ̀ kà á, má kà á níbi iṣẹ́.

O mọ bí alùpùpù náà ṣe di tèmi. Nígbà tí Àlùfáà òyìnbó arúgbó nnì ń padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, òun ló fi ta mí lọ́rẹ, torí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí mo gbé àpótí Mísà lé itan, láti Akofodjoulè dé Kèrè, láti Kèrè dé Tré, tí n kò sì ṣubú lọ́jọ́ kan àyàfi ọjọ́ tí a jọ ṣubú. Ó ní alùpùpù náà ti dàgbà, kí n máa fi sùúrù lò ó. Mo ní kò sí wàhálà, èmi náà ti dàgbà, àgbà kì í bá àgbà jà. Ohun tí Àlùfáà kò sọ fún mi ni pé ó máa ń tọ̀ sílé.

Blandine, ó ń jò. Ibikíbi tí mo bá gbé e sí, bí ilẹ̀ bá mọ́, epo dúdú ti ṣe adágún kékeré sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ó tọ̀ síbẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìnkùlé, ó tọ̀ síbẹ̀. Mo gbé e wọlé kí ojú lè tì í, ìyá rẹ lé àwa méjèèjì síta. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá èmi ni mo ń fún un ní epo jù, nítorí ọmọ tó bá mu omi jù lálẹ́ ni ń tọ̀ sórí ẹní, mo bá dín epo rẹ̀ kù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń so lókùn, ó sì ń tọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, ni mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dá epo rẹ̀ padà fún un.

Ǹ bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé jíjò náà ti sọ mí di èèyàn pàtàkì. O rántí Ẹ̀ta, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó máa ń sọ pé òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kí ó tó dá sí i? Ewúrẹ́ rẹ̀ ní kúrúnà, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti re dànù, a ti ń retí ikú rẹ̀. Ewúrẹ́ yìí lọ sùn sábẹ́ alùpùpù mi, epo ń kán sí i lẹ́yìn, kò sì pẹ́ tí ara rẹ̀ fi ń dán, tí irun tuntun ń yọ, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí jalè. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó ní ewúrẹ́ tàbí ajá ẹlẹ́gbò ló ń gbé agolo wá sábẹ́ alùpùpù. Àwọn tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń kí mi. Wọ́n á ní ẹ kú àárọ̀, ṣé ó jò dáadáa lánàá? Nígbà tí Ẹ̀ta gbọ́ pé mo fẹ́ tún un ṣe, ó wá bá mi pẹ̀lú ìbínú, ó ní kí ni alùpùpù náà ṣe fún mi, ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní orísun lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i.

Mo rò ó, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ wà níbẹ̀.

A kò tíì sọ ọ́ fún ọ rí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí wa pé o kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, ìyá rẹ kúnlẹ̀ níwájú àwòrán Màríà Wúńdíá, ó ní bí o bá lè dìde, òun yóò lọ sí ihò àpáta Màríà ní Dassa lọ́jọ́ Àjọ̀dún Ìgbàsókè ní àárín oṣù kẹjọ, òun yóò wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ náà kò sì ní ní àbàwọ́n kankan lára nígbà tí òun bá débẹ̀. Mo bi í pé kí ló gbé e débi àbàwọ́n, ṣé aṣọ funfun nìkan kò tó ni. Ó wò mí, ó ní ẹni tó ń tọrọ ẹ̀mí ọmọ kì í dúnàá-dúrà. O dìde. Lọ́dún náà àjọ̀dún ti kọjá kí ìròyìn ayọ̀ tó dé, nítorí náà ọdún yìí ni ẹ̀jẹ́ náà tó san.

Wàyí o, báwo ló ṣe máa débẹ̀? Ẹsẹ̀ kọ́, orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e kọjá ilé Ignace aládùúgbò wa. Ọkọ̀ akẹ́rù máa ń kó èèyàn lọ lọ́jọ́ àjọ̀dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n o mọ ọkọ̀ náà, àwọn èèyàn á gun orí ara wọn, ẹni tó gbé adìyẹ á jókòó lé ẹni tó gbé ìgò epo pupa, ẹni tó wọ funfun lọ á dé Dassa ní àwọ̀ ilẹ̀. Alùpùpù ló kù. Mo ní kí a dán an wò. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ wọ ògbólógbòó aṣọ funfun kan, mo gbé e sẹ́yìn, a lọ dé ìsàlẹ̀ òkè, a padà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ náà ti di ara ẹtù, epo ta sí i wínníwínní láti ìdí dé ìsàlẹ̀. Kò bá mi wí. Ó lọ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, ó tún un fọ̀, kò lọ. Ó jókòó ti ọpọ́n náà títí ilẹ̀ fi ṣú, o sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, Blandine. Ó rò pé bí ẹ̀jẹ́ náà bá yẹ̀, ibà náà yóò rántí ojú ọ̀nà. Mo ní kí ó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Nítorí náà mo ti alùpùpù náà lọ sí ọjà Dassa lọ́dọ̀ Jímọ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọmọ Mùsùlùmí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláṣọ. Ó fi ìka kan epo náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní juẹ́ǹ ló ti bàjẹ́. Juẹ́ǹ yìí, bí ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ni ohun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń fi sáàárín irin méjì kí epo má baà rí àyè jáde. Mo ní kí ló dé, ṣebí wọ́n ti fi búlọ́ọ̀nù, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, dè wọ́n mọ́ ara wọn pinpin. Ó bi mí pé nígbà tí èmi àti àna mi ń jà, ṣé ńṣe ni wọ́n so wá mọ́ra ni tàbí wọ́n wá ẹlẹ́nu ẹ̀rọ̀ sí àárín wa. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó ní irin àti irin kì í gbọ́ ara wọn yé, ohun tó rọ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró láàárín.

Jímọ̀ ní alùpùpù yìí ti pẹ́ jù, pé àwọn tó ṣe é ti gbàgbé pé àwọn ṣe é, àfi kí èèyàn wá juẹ́ǹ rẹ̀ lọ sí Kútọnu. Mo ní inú mi dùn, mo ní ọmọ ní Kútọnu. Ó ní kí n má tíì yọ̀, nítorí bí o bá kàn lọ sọ́jà lọ béèrè juẹ́ǹ alùpùpù, juẹ́ǹ alùpùpù ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún ọ. O gbọ́dọ̀ mú ìwọ̀n dání. Ó bá tú ìdérí irin náà, ó ní kí n mú ìwé líle wá. Mo ní àwọn ìwé líle tí Àlùfáà fi sílẹ̀, èyí tó fi ń ya Ádámù àti Éfà fún àwọn ọmọ katikísímù, lára wọn ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Jímọ̀ gbé irin eléépo náà lé ewé kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kúrò, gbogbo ìrísí juẹ́ǹ náà sì hàn síbẹ̀, bó ṣe yípo, ibi tó ti rọ́ àti ihò tí búlọ́ọ̀nù ń gbà wọlé. Ewé náà ló máa jẹ́ ewé kejì ìwé yìí. Nítorí náà, bí o bá rí epo lára rẹ̀, má sọ pé bàbá mi ti di ọ̀bùn. Alùpùpù ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Kí àyè má baà ṣòfò, mo kọ owó àti àwọn ohun tí èmi àti ìyá rẹ fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ sí wa sí àárín ìwọ̀n náà. Mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́, mo sì kọ ọ́ dáadáa, ó kún. Ìyá rẹ tún ní kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, mo ní àyè ti tán, ó ní kí n wá etí kan kọ ọ́ sí, mo bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí epo kò dé.

Bí gbogbo ọjà Kútọnu kò bá ní juẹ́ǹ náà, lọ bá ọ̀gá rẹ. O sọ fún wa nígbà kan pé tẹlifóònù wà lórí tábìlì rẹ̀ tó fi ń bá àwọn ará Paris sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé bàbá rẹ kí i, kí ó bá wa sọ fún wọn kí wọ́n ti juẹ́ǹ kan bọ inú rẹ̀ wá. Kò nípọn, ó ṣe é ká. Ohùn èèyàn nípọn jù ú lọ, pàápàá ti òyìnbó, ohùn náà sì ń gba inú wáyà yẹn kọjá lójoojúmọ́. Bí ó bá há sójú ọ̀nà, kí ọ̀gá rẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu díẹ̀. Kí wọ́n ṣáà má fi òróró pa á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kó má baà ba ẹnu jẹ́ fún àwọn tó máa sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e.

Nicolas tó ń ṣiṣẹ́ lójú irin ni mo máa fún ní ìwé yìí, ó ń bọ̀ ní Kútọnu lọ́jọ́ Sátidé. Ṣe kíá, ọmọ mi. Àjọ̀dún kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ

Blandine, èmi bàbá rẹ náà ni. Ìwé yìí kò lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí. Ọjọ́ tó yẹ kí Nicolas wọ ọkọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, ẹni tí wọ́n bí ìbejì fún kì í sì í rántí ìwé oníwèé. Bá a yọ̀. A fi ìwé náà sábẹ́ ẹní, a ń wò ó, àjọ̀dún sì ń bọ̀.

Bí mo ṣe wà nínú ìrònú ni Ignace dé. O mọ̀ pé ọtí sódábì ni Ignace ń pọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé òun mọ̀ nípa jíjò jù ú lọ, torí pé bí ooru ọtí bá jò lẹ́nu àgbá rẹ̀, owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń fò lọ yẹn. Ó wo alùpùpù náà yípo, ó ní ṣé ohun tó ń dà yín láàmú nìyí, ó ní àgbá lásán ni, iná wà nínú rẹ̀, ohun olómi wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò dé. Ó ní kí ìyá rẹ po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kó le dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń fi dí ẹnu àgbá sódábì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ẹ yí irin náà ká. Mo gbé e síbẹ̀ kó gbẹ. Kò jò. Ilẹ̀ mọ́, kò jò. Ẹ̀ta gbé agolo rẹ̀ wá, epo kankan kò kán sí i, ó lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni.

Mo bá ní kí n gùn ún jáde kí n lè fọkàn balẹ̀. Ó ń lọ geerege. Ṣùgbọ́n bí irin náà ṣe ń gbóná ni ẹ̀gẹ́ náà ń jinná. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, mo sọ nínú mi pé ilé ta ni wọ́n ti ń yan nǹkan tó dùn báyìí. Ewúrẹ́ Ẹ̀ta gbọ́ òórùn náà, ó dìde. Tirẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ìyẹn ewúrẹ́ tó rí ìwòsàn, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò sì tò tẹ̀lé e. Mo yíná sí i, wọ́n sáré sí i. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá níbi tí Grégoire katikísìtì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Òfin Mẹ́wàá, ẹ̀kọ́ sì dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi òkúta gọngọ ni alùpùpù náà kú. Mo wà lórí rẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ náà fi dé, wọ́n yí mi ká, wọ́n jẹ juẹ́ǹ mi láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n lá irin náà mọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí mo ti alùpùpù dé ilé, ó ti tún ń jò, àwọn èèyàn gbé agolo wọn padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín, Ẹ̀ta sì ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀la, Jímọ̀ wá ra ẹ̀wà ní abúlé wa, ó sì yà kí wa. Ó béèrè juẹ́ǹ, mo ní ìwé kò tíì lọ. Inú mi ti bàjẹ́, mo kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni, mo bá bi í pé awọ ẹran wo tiẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe juẹ́ǹ yìí tó fi ṣọ̀wọ́n tó báyìí. Jímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ìwé ni. Blandine, ìwé ni! Ìwé líle, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní èmi ni mo sọ pé mo ní ọmọ ní Kútọnu, ojú mi sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò fẹ́ bà á jẹ́, pé ojúlówó tiẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ìwé tó bá le lè gbé e lọ fún ìgbà díẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé líle. Èyí tí Àlùfáà fi sílẹ̀ ti tán, mo ti kọ ìwé sí ọ lé wọn lórí. Mo wo èèpo ìwé katikísímù, ẹ̀rí ọkàn mi kò gbà. Mo wo àwòrán Jósẹ́fù Mímọ́ lára ògiri, ìyá rẹ wá dúró síwájú rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni wo ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ tó wà lókè àpótí, wíwò lásán ni mo wò ó o, ìyá rẹ sì gbé ọmọ odó. Mo yára gbé ojú kúrò.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹní sókè. Ó mú ewé kejì ìwé yìí jáde, ó ní èyí ńkọ́, ṣebí ìrísí rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Mo ní ìwé ọmọ wa ni, pé gbogbo ohun tí a fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ ló wà níbẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ tó dùn-ún kà. Ìyá rẹ ní òun ti tọrọ ohun tí òun fẹ́ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ti fún òun, gbèsè ọpẹ́ ló kù, ìyókù lè dúró. Mo nawọ́ ìwé náà sí Jímọ̀.

Ó fi ọ̀bẹ mímú gé e, ó tẹ̀ lé ojú epo náà bí ó ṣe yí, ó fi ìṣó lu ihò búlọ́ọ̀nù sí i, ó fi òrí pa á níwájú lẹ́yìn, ó gbé e sáàárín irin méjèèjì, ó dè é. Bí ó ṣe ń dè é ni mo rántí àárín ìwé náà tó gé yọ, èyí tí mo kọ ọ̀rọ̀ owó sí. Mo yíjú síbi àpótí ìjókòó tí a gbé e lé. Ewúrẹ́ Ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ìwọ̀nba tó kù. Gbogbo ohun tí a fẹ́, Blandine, títí kan páànù orí ilé àti ìgò gíláàsì tí ìyá rẹ rí nílé Dorothée, ló wọ ikùn ewúrẹ́. Mo ṣọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Ìyá rẹ wọ aṣọ rẹ̀, gèlè funfun, bùbá funfun, ìró funfun, bàtà tí Isabelle yá a. Gbogbo àdúgbò jáde, Ẹ̀ta pẹ̀lú. Ó wo abẹ́ alùpùpù, kò rí epo, ó mí kanlẹ̀, ó bá ìyá rẹ tún ìdí ìró rẹ̀ ṣe, ó ní kí ó bá òun dárúkọ ewúrẹ́ òun nínú àdúrà bí ó bá débẹ̀. A gbéra. N kò wẹ̀yìn, n kò lè wẹ̀yìn, mo kàn ń gbọ́ ọwọ́ ìyá rẹ níbàdí mi, bí a bá kọ lu kòtò á fún mi, bí ojú ọ̀nà bá tẹ́ á dẹ̀ ẹ́. Mo ń bá alùpùpù sọ̀rọ̀ nínú mi, mo ní àgbà, jọ̀ọ́, lónìí nìkan, dá a dúró.

Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè níbi ihò àpáta, èrò ti pọ̀, wọ́n ń kọrin. Ìyá rẹ sọ̀ kalẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ní kí n wò ó, kí n má purọ́. Mo wò ó láti gèlè dé etí ìró. Mo yí i po, mo tún wò ó. Funfun ni, Blandine. Ó funfun bí ó ṣe wà nígbà tó gbé e wọ̀. Mo pe ìyá rẹ lórúkọ, mo ní Perpétue, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá rẹ rìn lọ síwájú, ó fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn kúnlẹ̀ lórí òkúta, ó pe orúkọ rẹ, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Mo sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé èéfín àbẹ́là ni.

Láti ìgbà tí a ti dé, alùpùpù kò jò mọ́, mo sì ti ń gbé láàárín àwọn ọ̀tá. Wọ́n ń gbé agolo wá, wọ́n ń gbé e padà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó tì kànga ìlú pa. Jímọ̀ ní láti ìgbà dé ìgbà ó yẹ kí n máa da ògbólógbòó epo inú rẹ̀ nù kí n rọ tuntun, mo sì ti ṣèlérí pé ògbólógbòó náà di ti Ẹ̀ta. Ó ní òun máa rò ó.

Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ní juẹ́ǹ ìwé náà kò ní pẹ́ títí, ó lè gbé wa dé ọyẹ́, ó lè má gbé wa débẹ̀. Nítorí náà mo fi ohun tó kù lára ewé kejì sínú ìwé yìí, ìyẹn etí rẹ̀ yípo àti ihò ńlá tó wà láàárín. Má jẹ́ kó sọnù. Ihò náà ni ìwọ̀n. Mú un lọ sọ́jà, na ihò náà sí ọlọ́jà, kí ó fún ọ ní ohun tó bá a mu gẹ́lẹ́, ìyẹn ni juẹ́ǹ wa. Ní ti owó, n kò lè tún un kọ, ìwé ti tán. Ọmọ mi ni ọ́, o mọ ohun tó máa ń wà nírú ibi bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì yé ọ tó, bí ihò náà bá ṣe tóbi tó ni kí o fi ṣe òṣùwọ̀n.

Mo fẹ́ pa ìwé yìí dé ni ìyá rẹ gba ewé tó lu náà lọ́wọ́ mi, ó ń yí i, ó ní kí n ka ohun tó ṣẹ́kù fún òun. Mo wo òkè, kò sí nǹkan kan. Mo wo ọ̀tún àti òsì, epo ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ọ̀bẹ Jímọ̀ kò dé, tí ẹnu ewúrẹ́ kò sì dé, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ ní kí n fi kún un nìkan ló kù síbẹ̀. Mo kà á fún un: Wá sílé. Ó ní kí n má kọ nǹkan mìíràn tẹ̀lé e, ó ní ó ti tó.

Kí ọ̀nà rẹ má ṣe dí. Kí ohun tó bá wà láàárín àwa àti ìwọ má ṣe gbẹ, kó má ṣe ya, kó má ṣe jò. Kí ẹsẹ̀ tó gbé ọ lọ gbé ọ wá kí juẹ́ǹ yìí tó já. Àmín. Àmín: èyí ni ti ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Théodore